Òfin AI fún ilé-ìwé ìjọba: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní di ìwé ara ògiri

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin VP, ẹ̀yin òbí tó wà nínú PTA, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ bí èèyàn ṣe lè jókòó kọ òfin lórí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ bí èèyàn, fún ilé-ìwé ìjọba, irú tiwa níbí l'Abẹ́òkúta, tí ọmọ àádọ́rin wà nínú kíláàsì kan, tí iná ń ṣe bó ṣe wù ú, tí wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ lẹ́nu géètì. Mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn tó ń polówó kóòsì AI lórí status wọn. Ohun tá a ṣe níléèwé wa ni mo fẹ́ sọ, tó fi mọ́ ibi tá a ti ṣì í ṣe.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Mo fún àwọn ọmọ SS2 ní àsáínmẹ́ǹtì pé kí wọ́n kọ ojú ewé méjì lórí bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe bá ìjọba jà lórí owó orí. Nígbà tí mo máa ṣí ìwé wọn ní sitáfù-rúùmù, ìwé mọ́kànlá ló sọ pé ọdún 1929 ni. Mo ní háà! 1929 kẹ̀, ṣebí ti Aba nìyẹn, ilẹ̀ Ìgbò lọ́hùn-ún. Tiwa níbí, 1947 ni àwọn obìnrin tú jáde, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣáájú wọn, wọn ò sì dẹwọ́ títí Aláké Adémọ́lá fi gbé ìtẹ́ sílẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ Abẹ́òkúta ni gbogbo wọn o! Ọ̀kan tiẹ̀ da gbólóhùn tí ẹ̀rọ fi bi í pé ṣé kí òun gé e kúrú fún un kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, bírò búlúù ló fi kọ ọ́, ó sì fàlà sí i nídìí dáadáa.

Inú bí mi, mo fẹ́ fún gbogbo wọn ní òdo. Ìgbà tí mo pè wọ́n síwájú ni ọmọbìnrin kan fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ má bínú mà, ẹ ò sọ pé ká má lò ó." Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Òótọ́ ló sọ. Níléèwé wa nígbà yẹn, òfin wà fún irun, òfin wà fún sọ́ọ̀kì, òfin wà fún ẹni tó bá pẹ́ dé, kò sí ìlà kan ṣoṣo tó dárúkọ AI.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ gé ìwé pélébé pélébé, ẹ pín in fún kíláàsì méjì mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n má kọ orúkọ, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta péré: kí lo máa ń lò, fóònù ta ni, kí lo máa ń bi í. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ tíṣà tó máa ń na èèyàn ló máa gbà á jọ o, torí irọ́ lẹ máa kà. Tiwa yà wá lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ pé àwọn ò lo AI rí, ṣùgbọ́n nígbà tá a bi wọ́n ní òbìrìkítí búlúù inú WhatsApp, ọwọ́ lọ sókè káàkiri kíláàsì. Meta AI nìyẹn, láti 2024 ló ti dé inú WhatsApp àwa ará Nàìjíríà, ọmọ ò nílò kó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, orí fóònù màmá ẹ̀ ló wà, màmá gan-an ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn míì, ẹ̀gbọ́n wọn ló ń bá wọn ṣe é. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Pánṣẹ́kẹ́ lòun máa ń lọ, òun á sanwó, bọ̀dá tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á bá òun tẹ ìbéèrè sí i, á tẹ̀ ẹ́ jáde, òun á wá dà á kọ sínú ìwé. Ṣé ẹ rí i, ká ní a kàn kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ sí AI nínú ọgbà ilé-ìwé, inú ọgbà kọ́ ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ pín ìwé yẹn fún àwọn tíṣà náà. Èyí le díẹ̀. Ẹ̀rín ni tiwa fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, torí àwa náà la ń fi í kọ lẹ́sìn nóòtì. Èmi gan-an ti fi í gbé ìbéèrè objective jáde rí, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tún un kà, mo bá ìbéèrè kan níbẹ̀ tí A, B, C, D kò sí èyí tó tọ̀nà nínú wọn. Bí òfin bá kan ọmọ nìkan tí kò kan tíṣà, àwọn ọmọ ò ní bọ̀wọ̀ fún un, ojú wọn là ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹnì kan máa sọ pé kí la ń da ara wa láàmú sí, ká fòfin dè é ká sùn. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. ChatGPT, ọ̀kan nínú àwọn AI yìí, jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tó fi máa di oṣù kìíní 2023, àwọn ilé-ìwé ìjọba New York ti dí i pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tú u sílẹ̀. Àwọn tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè dí pa nìyẹn o, àwa tí íntánẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ dátà orí fóònù ìyá ọmọ, kí la fẹ́ dí?

Ká ṣílẹ̀kùn gbayawu náà kọ́. Wọ́n ṣèwádìí kan ní Tọ́kì, pẹ̀lú àwọn ọmọ girama tó tó ẹgbẹ̀rún kan, ìṣirò ni wọ́n jọ ṣe. Àwọn tí wọ́n fún ní AI lásán ṣe práktísì dáadáa, wọ́n fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò ní lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n fi ìdá 17 kéré sí àwọn tí kò rí AI sójú rárá. Wọ́n tún ṣe irú kan tó jẹ́ pé ó kàn máa ń tọ́ ọmọ sọ́nà, kì í sọ ìdáhùn fún un, ìyẹn ò ṣe àwọn ọmọ báyẹn. Nítòsí wa níbí, ní Benin City, Báńkì Àgbáyé ṣe tiwọn láàárín oṣù kẹfà sí ìkeje 2024, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ SS1 ń lo Microsoft Copilot láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe dáadáa gan-an ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn èèyàn kì í sọ tí wọ́n bá ń pín ìròyìn yẹn kiri ni pé tíṣà dúró tì wọ́n ní gbogbo ìgbà, tíṣà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa bi í. Lójú tèmi, níbi méjèèjì, bí wọ́n ṣe gbé e fún ọmọ ló mú ìyàtọ̀ wá, ibẹ̀ sì ni òfin yín gbọ́dọ̀ dúró lé.

Àwọn tó máa jókòó kọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó. VP tó ń rí sí ẹ̀kọ́, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà ìṣirò, tíṣà Yorùbá (ẹ má fò ó dá o, màá sọ ìdí ẹ̀), ẹni tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ẹnì kan láti PTA, àti ọmọ ilé-ìwé méjì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn jẹ́ ẹni tó ń lò ó dáadáa, kì í ṣe senior prefect nìkan, torí senior prefect máa sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ má sì gbé gbogbo ẹ̀ lé tíṣà kọ̀ǹpútà lórí, iṣẹ́ àsáínmẹ́ǹtì nìyí, kì í ṣe iṣẹ́ wáyà. Kí prínsípà fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì agbègbè yín, bí ìwé kan bá sì ti Òkè-Mọ́sán, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló lékè, tiyín á tẹ̀ lé e. Ti WAEC àti NECO náà wà bó ṣe wà, ẹ ò lè fi òfin ilé-ìwé tú tiwọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọbẹ̀ gan-an. Ẹ má kọ òfin yín lórí irú AI tí wọ́n ń lò, torí orúkọ yẹn máa yí padà kí fọ́tòkọ́pì yín tó gbẹ. Ẹ kọ ọ́ lórí irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún ọmọ. Tiwa, ọ̀nà mẹ́ta la pín in sí, a sì fún un lórúkọ tí ọmọ JSS1 lè sọ lẹ́nu: Orí Ẹ Nìkan, Bi Í Léèrè, àti Lò Ó Kó O Sọ. Tíṣà tó bá kọ àsáínmẹ́ǹtì sí bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí kò bá kọ nǹkan kan, Orí Ẹ Nìkan ni.

Orí Ẹ Nìkan ò le láti lóye. Tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò, ohun tí wọ́n bá kọ nínú kíláàsì, gbogbo ohun tí máàkì ẹ̀ máa wọ inú CA (máàkì iṣẹ́ inú táàmù).

Bi Í Léèrè ni ọmọ lè ní kí AI ṣàlàyé nǹkan fún òun, kó bi òun ní ìbéèrè, kó sọ ibi tí òun ti ṣì í, ṣùgbọ́n ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa kọ ọ́. Tíṣà ìṣirò wa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún un: "Má fún mi ní ìdáhùn, sọ ìgbésẹ̀ tó kàn nìkan." Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé wọn. Mo rò pé ìlà yẹn nìkan wúlò ju ojú ewé mẹ́rin tá a kọ́kọ́ kọ lọ.

Lò Ó Kó O Sọ ni èmi fẹ́ràn jù. Níbẹ̀, AI gan-an la ń yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tá a ṣe. A ní kí AI ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ, mo tẹ ohun tó sọ jáde, ojú ewé kan, mo pín in fún àwọn ọmọ, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin sí ìwé kan. Mo ní kí wọ́n lọ sí Ìtòkú, kí wọ́n kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀, kí wọ́n ka ìwé yẹn fún wọn, kí wọ́n wá kọ ibi tí àwọn ìyá ti mi orí. Inú wọn dùn débi pé mi ò rí irú ẹ̀ rí. AI ti da oníko àti ẹlẹ́kọ pọ̀ mọ́ra wọn, ó ní ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń dì í. Ìyá kan ló mú aṣọ jáde, ó fi hàn wọ́n pé oníko lèyí tí wọ́n fi okùn dì, ẹlẹ́kọ lèyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya nǹkan sí lára kí aró má baà mú ibẹ̀, ó sì tún bi wọ́n pé ta ló sọ fún ẹni tó kọ ìwé yìí. Ọmọ kan dá a lóhùn pé kì í ṣe èèyàn mà. Màmá ní, "Ẹn-ẹ́n, mo rò bẹ́ẹ̀." Ọmọ tó gbọ́ irú ìyẹn létí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ tún wá pariwo fún un lásẹ́ńbílì pé AI máa ń purọ́.

Ìdí tí tíṣà Yorùbá fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nìyí náà. Ní èdè wa, AI ṣì ń ṣe bí àlejò. Á kọ ọkọ síbi tó yẹ kó kọ ọkọ̀, á sọ pé ìyàwó gun ọkọ lọ sí Ìbarà, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní kó pa òwe márùn-ún, á pa méjì tó jẹ́ òwe, mẹ́ta tó kù ò ní bàbá, ò ní ìyá. Tíṣà Yorùbá tiwa wá sọ pé ní ti òwe àti oríkì, Orí Ẹ Nìkan ni títí ayé, kí ọmọ lọ bi ìyá àgbà ẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó bi àti àdúgbò tó wà sí ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Àmọ́ ẹ wo ìbéèrè tẹ́yin fúnra yín ń fún wọn náà o. "Kọ àròkọ lórí ìwúlò omi." Àbí irú ìbéèrè wo nìyẹn, ìyẹn gan-an la fi ń pe AI wá. Ẹ ní kí ọmọ dúró lórí afárá Láfẹ́nwá ní ìrọ̀lẹ́, kó wo Odò Ògùn, kó kọ ohun tó rí tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbìn sí bèbè ẹ̀. AI ò sí lórí afárá.

Ohun kan wà tá a fẹ́ gbàgbé tí ẹni PTA rán wa létí: ọmọ tí kò sí fóònù nílé wọn ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sínú òfin gbangba pé iṣẹ́ tó bá nílò fóònù nílé kò ní ní máàkì. Bí tíṣà bá fẹ́ Lò Ó Kó O Sọ, kí tíṣà tẹ ohun tí AI sọ jáde fúnra ẹ̀ kó sì pín in, bí mo ṣe ṣe ti àdìrẹ yẹn.

Ní ti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó fi AI kọ iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbójú lé àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ pé àwọn lè mọ ìwé tí AI kọ. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an ṣe ọ̀kan, wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀ lóṣù keje 2023 torí pé kì í sábà mọ èyí tó tọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford gbé àròkọ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, tí wọ́n kọ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní TOEFL, wọ́n kó o fún irú àwọn ẹ̀rọ yẹn, ó lé ní ìdajì tí ẹ̀rọ pè ní iṣẹ́ AI. Èèyàn ló kọ gbogbo ẹ̀ o. Ẹ wá ro ti ọmọ wa tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, tó ń kọ ọ́ bí ìwé.

Tiwa ni à ń pè ní "wá sọ ọ́". Lẹ́yìn àsáínmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, tíṣà á ṣí régísítà, á mú ọmọ márùn-ún, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn tó ń fura sí nìkan. Ìṣẹ́jú méjì méjì. Kí lo ní lọ́kàn tó o fi kọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ló dé tí èyí fi ṣáájú ìyẹn, bí mo bá yí nọ́ńbà yìí padà kí ló máa ṣẹlẹ̀. Nínú ọmọ àádọ́rin, ẹ ò lè pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá òun ló kàn, ìyẹn ti tó láti jẹ́ kí wọ́n kà á kí wọ́n tó fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá sọ ọ́. Ìrírí ló kọ́ mi ní èyí. Ọmọkùnrin kan tó sábà máa ń jókòó sẹ́yìn, tí kì í gba ju mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ, kọ nǹkan kan fún tíṣà Bíọ́lọ́jì lórí bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ ara ẹ̀, ó dùn débi tí tíṣà fi gbé e wá bá mi pé kí n wo AI. Èmi náà wò ó, mo ní AI ni, kò sí àní-àní. A pè é.

"Ta ló bá ẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni mà."

"Sọ ọ́ fún wa."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó ń kólòlò, tíṣà Bíọ́lọ́jì ti ń wò mí lójú. Mo ní kó fi Yorùbá sọ ọ́. Ọmọ yìí bá ní, ẹ wò ó mà, bí ìgbà tí wọ́n ń dáná ni, oòrùn ni iná, omi gba ìsàlẹ̀ wá, atẹ́gùn tá a mí síta gba ojú ewé wọlé, ohun tó sè níbẹ̀ ni ṣúgà, atẹ́gùn tí kò nílò ló dà síta tí àwa ń mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ló fi ewé gbágùúdá ṣàlàyé ẹ̀ fún òun ní ọ̀sán Sunday kan. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, níwájú tíṣà ẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ká ní ẹ̀rọ la gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún ni, òdo ni ì bá gbà.

Bí ọmọ ò bá wá lè sọ ọ́ ńkọ́? Ìgbà àkọ́kọ́, á tún un kọ nínú kíláàsì lójú tíṣà, máàkì tó bá gbà níbẹ̀ ló ni. Ìgbà kejì, ẹ pe òbí. Ìgbà kẹta á lọ sọ́dọ̀ VP. Ẹ má na ọmọ nítorí ẹ̀, ẹ má sì gbé máàkì òdo jù sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Bó bá jẹ́ inú ìdánwò tàbí CA tó ń lọ sí WAEC ni, ìyẹn ti ní òfin tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó wo ìwé wọlé náà ni wọ́n máa ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn yìí, pàápàá ẹ̀yin kíláàsì tíṣà. Tó bá di ìparí táàmù, ọmọ àádọ́rin, kọ́mẹ́ǹtì àádọ́rin, ọwọ́ ti ń ro yín, ẹnì kan á wá ní ẹ ya fọ́tò ìwé èsì yẹn, ẹ jù ú sínú AI, á bá yín kọ gbogbo ẹ̀. Ẹ má ṣe é. Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé míì tiẹ̀ kọ àìsàn ẹ̀ sí i. Òfin dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé bó bá jẹ́ ọmọdé ló ni ìsọfúnni, òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lọmọdé. Ṣé ẹ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí àádọ́rin? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ kọ́mẹ́ǹtì, ẹ kọ ọ́ pé "ọmọ kan tó mọ ìṣirò tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò", kò sí orúkọ, kò sí ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sọ ní 2023 pé ó kéré tán kí ọmọ pé ọdún 13 kó tó máa lo irú AI yìí ní kíláàsì, àwọn tó ni ChatGPT náà ní ọdún 13 ni, tó bá sì kéré sí 18 kí òbí gbà fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ JSS1 wa ò ju mọ́kànlá lọ. Torí ẹ̀, ní JSS1 àti JSS2 tiwa, tíṣà nìkan ló ń bi AI léèrè, àwọn ọmọ á máa wò, wọn ò ní dá lò ó.

Ẹni tó bá fi AI ṣe àwòrán tàbí ohùn èké ti ọmọ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tàbí ti tíṣà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsáínmẹ́ǹtì mọ́, ọ̀dọ̀ prínsípà tààrà ni, kẹ́ ẹ sì pe òbí méjèèjì lọ́jọ́ náà. Ẹ má máa fi àwòrán yẹn han ara yín ní sitáfù-rúùmù kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Ní ti àwa tíṣà: ẹ lè lò ó fún lẹ́sìn nóòtì àti ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ scheme of work àti ìwé tí àwọn ọmọ ní lọ́wọ́, torí ó lè pe orúkọ ìwé àti nọ́ńbà ojú ewé tí kò sí láyé fún yín, pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹ má fi í máàkì àròkọ ọmọ. Ẹ má fi í pinnu ẹni tó máa lọ sí kíláàsì tó kàn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gé e kúrú. Àkọ́kọ́ tiwa jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, kò sẹ́ni tó kà á, VP gan-an ò kà á dópin. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí jẹ́ ojú ewé kan, Yorùbá ní iwájú, Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀yìn, ẹ lè mú u kẹ́ ẹ tún un ṣe:

"Níléèwé yìí, tíṣà ló máa sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́: Orí Ẹ Nìkan, Bi Í Léèrè, tàbí Lò Ó Kó O Sọ. Bí tíṣà ò bá kọ nǹkan kan, Orí Ẹ Nìkan ni. Ẹni tó bá lo AI á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ ní ìlà kan: èyí tó lò àti ohun tó fi ṣe. Tíṣà lè pe ọmọ èyíkéyìí kó wá sọ iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́nu, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. A ò ní fi ẹ̀rọ dá ọmọ lẹ́bi. Iṣẹ́ tó bá nílò fóònù nílé kò ní máàkì. Orúkọ, fọ́tò, èsì àti ọ̀rọ̀ ìlera ọmọ kò gbọdọ̀ wọ inú AI. JSS1 àti JSS2 kò ní dá lò ó. Tíṣà tó bá lò ó á kà á kó tó gbé e wá síwájú ọmọ, tíṣà ló sì ń máàkì."

Ẹ kà á sókè ní ìpàdé PTA, ẹ má kàn pín in. Lọ́jọ́ tá a ka tiwa, ìyá kan tó ń tajà ní Kútọ̀ na ọwọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ AI ná. Prínsípà wo mi. Mo ní, mà, ẹ mọ bí fóònù ṣe máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó kàn wá fún yín tẹ́ ẹ bá ń kọ message? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń gbé kantankantan wá. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ eléyìí ti ka ìwé tó pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Áà, ó dà bí ọmọ tó ń bá àgbà jókòó, tó gbọ́ gbogbo òfófó àdúgbò, tí ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́." Láti ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún JSS1 nìyẹn.

Ẹ kọ déètì sí ìsàlẹ̀ ìwé yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tún un yẹ̀ wò, kó má ju táàmù méjì lọ. Ní àkọ́kọ́ tiwa, a ní kí ọmọ da gbogbo ohun tó bi AI kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ọmọ tó ṣe é, àwọn tó fẹ́ ṣe é gan-an, ìwé wọn kún kí wọ́n tó dé ibi iṣẹ́. A gé e sí ìlà kan, wọ́n ń kọ ọ́ báyìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó kù tí ẹnu wa ò tíì kò lé lórí ni Bi Í Léèrè nínú Gẹ̀ẹ́sì, tíṣà kan ní kí AI lè tún gírámà ọmọ ṣe, èkejì ní gírámà gan-an lòun ń máàkì. Ọ̀sẹ̀ kejì táàmù tó ń bọ̀ la fi í sí, ní sitáfù-rúùmù, lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé.